Ta Ló Lè Pe Ọ̀gá Iléèwé Lẹ́jọ́?

Ẹ̀yin tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé nínú gàráàjì, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti lábẹ́ igi, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń fi àánú darí àwọn iléèwé tí kò rí bíi ti gbogbo ayé, kí ọmọ kankan má baà ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àánú yẹn ń kọ mí lóminú díẹ̀. N kò tíì pàdé ọ̀gá iléèwé kan tó sọ fún mi pé òun kò láàánú. Kódà, èyí tó ń ti géètì mọ́ ọmọ ní aago méje ààbọ̀, tó ń ní kí ọmọbìnrin tó ti kiri ẹ̀kọ kó tó wá síléèwé kúnlẹ̀ sínú oòrùn, á ní torí ọjọ́ ọ̀la ọmọ náà lòun ṣe ń ṣe é. Nítorí náà, n kò ní bi yín bóyá ẹ láàánú. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, bí ọ̀gá iléèwé bá ṣẹ ọmọ tó kéré jù lọ níbẹ̀, ta ni ọmọ náà lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn?

Irú iléèwé wo là ń sọ ná? Àwọn tó ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ọ̀gá télọ̀ tàbí ọ̀gá mẹkáníìkì bá ti tú wọn sílẹ̀. Àwọn tó ń gba ọmọbìnrin tó ti bímọ, tí iléèwé rẹ̀ àtijọ́ sọ pé kó má padà wá. Àwọn tó ń kọ́ ọmọ tí kì í gbọ́rọ̀, ọmọ tó ń sùn lábẹ́ bíríìjì, àti èyí tí wọ́n ti lé kúrò níbi mẹ́ta. Ní 2022, UNESCO sọ pé nǹkan bí ogún mílíọ̀nù ọmọ ni kò sí nílé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ òfin ọdún 2004 ti sọ pé ọ̀fẹ́ àti ọ̀ranyàn ni ẹ̀kọ́ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ọdún kẹta girama. Àwọn tí òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wọn ló ń kan ilẹ̀kùn yín. Ẹni tó bá sì ti rí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn lójú, ojú ọ̀gá ló kọ́kọ́ ń wò kó tó wo pátákó. Ohun kékeré tí ọmọ míì ò kà sí, bí ìgbà tí ẹ pe orúkọ gbogbo kíláàsì tí ẹ fo tirẹ̀, ó ti lóye rẹ̀ kẹ́ ẹ tó yíjú.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1954, wọ́n rán àlùfáà Ìjọ Àgùdà kan tó ń jẹ́ Lorenzo Milani lọ sí Barbiana, abúlé kan lórí òkè lágbègbè Florence ní ilẹ̀ Ítálì. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ nínú ìjọ kò fẹ́ràn bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì rọra tì í sí. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀ nígbà náà, ọ̀nà gidi pàápàá kò sí. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ tí iléèwé ìjọba ti gbé fìdí-rẹmi fún ló kó jọ sínú ilé àlùfáà, wọ́n ń kàwé láti òwúrọ̀ dalẹ́, tí ọjọ́ Àìkú kò yọ sílẹ̀. Ìlànà kan ló wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an: bí ẹnì kan kò bá tíì lóye, kíláàsì kò ní kúrò lójú kan, àwọn tó ti yé ló máa jókòó tì í. Ní 1967, mẹ́jọ nínú àwọn ọmọ náà pawọ́ pọ̀ kọ ìwé sí tíṣà tó mú wọn fìdí rẹmi. Ẹkún kọ́ ló wà níbẹ̀ o. Wọ́n kó ìṣirò jọ, wọ́n fi hàn pé ọmọ àwọn tálákà ni iléèwé ìjọba ń já sọ́nà jù, wọ́n sì ní iléèwé tó bá ń lé àwọn tó nílò rẹ̀ jù ti dà bí ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú aláàfíà tó ń lé aláìsàn. Milani kú lọ́dún yẹn kan náà, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì.

Ẹni líle ni Milani. Kì í kẹ́ ọmọ, ó ń pariwo. Síbẹ̀ ọmọ tí nǹkan ń pẹ́ yé jù ló ń pinnu ibi tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà yóò dé, inú ì báà bí ọ̀gá lọ́jọ́ náà tàbí kó má bí i. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn sí iléèwé tí àánú rẹ̀ wà nínú ọkàn ọ̀gá nìkan. Àmọ́ bí Milani fúnra rẹ̀ bá ṣìwà hù, kò sí ẹni tó lè dá a lọ́wọ́ kọ́ lórí òkè yẹn. Ìdí nìyí tí n kò fi dúró ní Barbiana, tí mo fi kọjá lọ sí Warsaw.

Dókítà ọmọdé ni Janusz Korczak ní Warsaw, olú-ìlú Poland. Henryk Goldszmit ni orúkọ àbísọ rẹ̀, Korczak ló fi ń kọ̀wé. Ní 1912, òun àti obìnrin kan, Stefania Wilczyńska, bẹ̀rẹ̀ sí í darí ilé àwọn ọmọ Júù aláìlóbìí ní ojúlé 92, òpópónà Krochmalna. Àwọn ọmọ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló ń gbé ibẹ̀. Stefania ló ń rí sí oúnjẹ, aṣọ, ibùsùn àti àìsàn òru. Ẹni tó bá ti ṣàkóso ibi tí ọmọ ń sùn rí á mọ̀ pé obìnrin yẹn ló gbé ilé náà ró ju bí àwọn òpìtàn ṣe ń sọ lọ.

Ikú Korczak ni ayé mọ̀ jù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1942, àwọn Násì kó àwọn ọmọ náà lọ sí Treblinka níbi tí wọ́n ti ń pa àwọn Júù. Àwọn ènìyàn ti fi ọ̀nà àbáyọ lọ Korczak, ó kọ̀, ó bá àwọn ọmọ lọ, Stefania náà bá wọn lọ. Inú máa ń bí mi díẹ̀ tí wọ́n bá sọ èyí tán tí wọ́n dákẹ́. Ta ni kò ní yin ikú akọni? Àmọ́ ọgbọ̀n ọdún tó lò ṣáájú, tó ń jókòó ti ẹjọ́ ọmọdé lórí bọ́tìnì tó sọnù àti orúkọ ìnagijẹ, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà fún àwa.

Ilé náà ní kóòtù. Ọmọ tí wọ́n bá ṣẹ̀ á lọ sídìí pátákó, á kọ orúkọ ara rẹ̀, á kọ orúkọ ẹni tó pè lẹ́jọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kóòtù ń jókòó. Ọmọdé ni àwọn adájọ́, gègé ni wọ́n sì fi ń mú wọn láàárín àwọn tí kò ní ẹjọ́ lọ́rùn lọ́sẹ̀ náà. Àgbàlagbà kan ń ṣe akọ̀wé, ó ń gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀, ó ń kà á fún wọn, ṣùgbọ́n kò ní ohùn nínú ìdájọ́.

Ìwé òfin wọn ló yà mí lẹ́nu jù. Gbogbo ẹsẹ òfin tó wà ṣáájú 100, ìdásílẹ̀ àti ìdáríjì ni: torí ọmọ náà kò mọ̀, torí ìbínú ló gbé e wọ̀, torí ó rò pé eré ni, torí ó ti kábàámọ̀. Ó di 100 kí kóòtù tó sọ pé òun kò dárí jì. Láti ibẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló ń gùn lọ títí dé 1000, èyí tí í ṣe lílé kúrò nílé. Tó bá dé 900, tí ọ̀rọ̀ ọmọ náà ti sú gbogbo ènìyàn, wọ́n ṣì máa ń wò ó bóyá ẹnì kan wà tó fẹ́ ṣe onídùúró fún un. Ẹ fi wé ìwé òfin tí à ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri láwọn iléèwé wa. Tiwa kì í ní ju ìyà lọ: pípẹ́lẹ́yìn, ẹgba mẹ́ta, ariwo, gígé koríko, ìjà, ẹ pe òbí rẹ̀ wá. Ìdáríjì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìwé. Inú àpò ọ̀gá ló wà, ọjọ́ tó bá wù ú ló ń mú un jáde, ọmọ tó bá wù ú ló sì ń fún.

Kóòtù náà kò tilẹ̀ lọ dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn mìíràn ń fi í gbẹ̀san. Korczak dá a dúró fún bí oṣù kan. Nígbà tí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fi ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kún un, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ lè pe àgbà lẹ́jọ́. Ẹ̀yin tó ti gbìyànjú irú nǹkan báyìí rí, tó dàrú, tí ẹ sọ pé àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kò lè ṣe é, àwọn ọmọ Warsaw náà kò ṣe é lọ́wọ́ kan.

Láàárín oṣù mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Korczak gbé ara rẹ̀ lọ sí kóòtù yẹn. Ó fa ọmọkùnrin kan létí. Ó lé òmíràn jáde nínú yàrá ìbùsùn. Ó ní kí ọ̀kan lọ dúró sí igun ilé. Ó bú adájọ́ kan. Ó fẹ̀sùn olè kan ọmọbìnrin kan. Ẹ jọ̀ọ́, nínú márààrún yìí, èwo ni a kì í ṣe láàárín ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, tí a óò sì jẹun ọ̀sán lẹ́yìn rẹ̀? Ó kọ àlàyé rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan, ó fà á fún àwọn ọmọ, ó sì dúró de ohun tí wọ́n máa sọ. Nígbà tó ń ronú padà lórí rẹ̀, ó ní àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí ló sọ òun di olùkọ́ tuntun, irú olùkọ́ tó ń ṣọ́ra fún ìyà àìtọ́ torí pé nǹkan kan wà nílé náà tó ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ìwà tó-bá-ti-wù-mí ti àgbà. Kò sọ pé ìfẹ́ ọmọdé ló dá òun lẹ́kun o, bẹ́ẹ̀ òun ló kọ ìwé lórí bí a ṣe ń fẹ́ràn ọmọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò báyìí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Òótọ́ ni, kò sì sẹ́ni tó ní kí ọmọ ọdún mẹ́wàá wá máa yan ìwé tí wọ́n á kà fún WAEC. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ la ń sọ, kì í sì í ṣe àwa Yorùbá ni wọ́n máa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ pé ó yẹ kí aláṣẹ ní ẹni tó lè bi í. Aláàfin, ikú bàbá yèyé, ní Ọ̀yọ́ Mèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láyé àtijọ́, bí ìwà ìkà rẹ̀ bá pọ̀ jù, Baṣọ̀run á ṣígbá fún un, ó sì mọ ohun tó kàn. Ọ̀gá iléèwé tó ní yàrá mẹ́rin àti jẹnẹrétọ̀ kan wá ni kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó lè bi í? A ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Láàfin, lọ́jà, nílé àna, a mọ òwe yẹn. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé, ṣe ló ń padà.

Òwe kejì tí wọ́n fẹ́ràn láti fi dá mi lóhùn ni pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi òsì fà á mọ́ra. Ó dùn, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ẹnì kan náà ni ọwọ́ méjèèjì wà. Lọ́jọ́ tí owó oṣù kò tíì wọlé, tí bọ́ọ̀sì fi ọ̀gá sílẹ̀ sójú ọ̀nà, tí ọwọ́ ọ̀tún ń já fáfá tí òsì kò sì gbéra, ọwọ́ ta ni ọmọ máa dì mú?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Leiston, iléèwé Summerhill tí A. S. Neill dá sílẹ̀ ní 1921 gba ọ̀nà mìíràn. Ìpàdé ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn: ìbò kan fún ọmọ, ìbò kan fún tíṣà, ìbò kan fún ọ̀gá, òfin tí wọ́n bá dì sì de gbogbo wọn. Òmìnira tí wọ́n fún ọmọ láti má wọ kíláàsì tí kò bá wù ú kò wọ̀ mí létí. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ta nǹkan kó lè kàwé kò ní àyè irú eré yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba fẹ́ fipá mú wọn yí padà, tí ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́ ní London lóṣù Kẹta ọdún 2000, àwọn ọmọ iléèwé náà jókòó ṣèpàdé nínú yàrá ìgbẹ́jọ́, wọ́n dìbò kí wọ́n tó gba àdéhùn tí ìjọba gbé wá.

Nílé níbí, gbogbo wa la mọ Táí Ṣólàrìn. Ó fi ipò ọ̀gá sílẹ̀ ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó, torí ọ̀rọ̀ ìsìn nínú iléèwé, òun àti Sheila ìyàwó rẹ̀ sì ṣí Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 27 oṣù Kìíní ọdún 1956, lásìkò tí ọ̀pọ̀ iléèwé girama wà lọ́wọ́ ìjọ. Ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ Kristẹni, ọmọ abọ̀rìṣà, kò sí èyí tó ní láti yí orúkọ padà kó tó wọlé. Wọ́n jọ kọ́lé, wọ́n jọ roko, ọ̀gá náà sì wà lóko pẹ̀lú wọn nínú ṣòkòtò péńpé rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, ohùn ọkùnrin kan ló gba ibẹ̀ kan, ohùn náà sì le.

Ẹni tí a kì í sábà dárúkọ ni Andrew Foster. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Alabama ní Amẹ́ríkà ni, àìsàn ló dí i létí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Ní 1954 ó di aláwọ̀ dúdú adití àkọ́kọ́ tó gboyè jáde ní Gallaudet, iléèwé gíga àwọn adití ní Washington. Ní 1957 ó ṣí iléèwé fún àwọn adití ní Accra, ní 1960 ó dé Ìbàdàn, ó ṣí òmíràn, kó tó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní 1987, ó ti dá nǹkan bí ọgbọ̀n sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà. Àwọn adití ló ń kọ́ láti di tíṣà. Ẹ fojú inú wò ó: òbí kan láti Ọ̀yọ́ tàbí Ìṣẹ́yìn, tí gbogbo àdúgbò ti sọ fún pé odi ni ọmọ rẹ̀, pé kò wúlò, ó mú un dé Ìbàdàn, ó rí i pé ọ̀gá tó so táì náà kò gbọ́rọ̀. Ọwọ́ ni ọ̀gá fi ń sọ̀rọ̀, ọmọ náà sì ń wo ọwọ́ yẹn. Àwọn onímọ̀ kan ń bá Foster wí lónìí pé àmì ọwọ́ Amẹ́ríkà ló kó wá, tó bo àwọn àmì tí àwọn adití ti ń lò nílé mọ́lẹ̀. Ìbáwí náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe yẹn, kó jẹ́ pé ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tì síta ló di ọ̀gá inú ilé, kò wọ́pọ̀ títí dòní. Òfin ọdún 2019 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ti fòfin de ìyàsọ́tọ̀ ní Nàìjíríà. Mo fẹ́ kí ẹ wo ibi tí à ń jókòó sí yìí, kí ẹ wo àtẹ̀gùn tí ẹ gùn wọlé, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí tó ń fi ọwọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, torí kò sí iléèwé wa tí owó kò ní dá àánú rẹ̀ wò. Ọjọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè lórí ìlà, ẹ ti rí i rí. Ọmọ á wo bàtà rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sún kúrò díẹ̀. Gbèsè òbí ni, ọmọ là ń dójú tì. Tí mo bá láṣẹ, ohun àkọ́kọ́ tí màá kọ sínú ìwé òfin iléèwé èyíkéyìí ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀ owó. Foonu òbí wà, ẹ pè é. Èkejì rẹ̀ kan àwọn tíṣà. Tíṣà tí ẹ jẹ lówó oṣù mẹ́ta kò ní sùúrù tó máa fi dúró de ọmọ tí nǹkan ń pẹ́ yé jù, ẹ má sì retí rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ọmọ bá lè pe tíṣà lẹ́jọ́, ó yẹ kí tíṣà náà lè pe olówó iléèwé lẹ́jọ́ níwájú àwọn òbí.

Ẹ ó wá bi mí pé níbo lẹ máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí olè jíjà tàbí ìjà. Ó ti wúwo jù fún kóòtù ọmọ tuntun. Orí pípẹ́lẹ́yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló pọ̀ jù, òun náà la sì ń fi ìyà rẹ̀ jẹ ọmọ láìbéèrè. Ẹ fi ìwé kan àti báírò kan sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá pẹ́ á kọ orúkọ rẹ̀, á kọ aago tó dé, á sì kọ ìdí: mo kiri, mo lọ pọn omi, ọ̀gá mi kò tètè tú mi sílẹ̀, mo kàn sùn lọ. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kọ á sọ ọ́ fún ẹlòmíràn kó bá a kọ ọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ tí kò pẹ́ lọ́sẹ̀ náà á ṣẹ́ gègé, àwọn mẹ́ta á jókòó, wọ́n á ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, wọ́n á sọ èwo ló tọ́ ká yí àkókò padà fún, èwo ló tọ́ ká dárí jì, èwo ló yẹ ká bá wí. Ìwé kan náà ni ọ̀gá iléèwé yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí lọ́jọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá òun náà dúró, aago tó dé àti ìdí rẹ̀, láìfo ìlà kankan.